Kí Ló Wà Nínú Àpótí Pàjáwìrì Mọ́tò Yín?

Tó bá jẹ́ inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń gbọ́ wa, ẹ kú ìrìn. Tó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ há sí, ẹ kú sùúrù. Tó bá sì jẹ́ pé ńṣe lẹ ń kà á torí pé dátà yín kò tó láti gbọ́ ohùn, ẹ̀yin gan-an la ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ètò yìí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ̀ pé a fẹ́ràn ìrìn àjò. A ti gun òkè Ìdànrè pọ̀, àkàbà tó lé ní 600 yẹn, tí orúnkún mi ò tíì dárí jì mí. [Ẹ̀rín] A ti lọ sí Ikogosi, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ tẹ́ ẹ máa gbé dání, àtẹ́sẹ̀wọ̀ tẹ́ ẹ máa wọ̀, àti ibi tí fọ́tò ti máa ń dáa jù. Ohun kan wà tí a ò sọ rí, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo máa sọ ọ́ lónìí.

Ọjọ́ tí mo ṣí àpótí náà

Ní ọdún tó kọjá, àwa márùn-ún wọ mọ́tò Sienna kan láti Ìbàdàn. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà là ń lọ, a fẹ́ lọ ya fídíò ìṣàn omi Olúmirin. A ti kọjá Ifẹ̀, a ti dorí kọ ọ̀nà Iléṣà, orin ń dún, à ń jẹ gúgúrú. Ọ̀kadà kan wà níwájú wa. Ó fẹ́ yà fún kòtò, táyà rẹ̀ yọ̀ lórí yanrìn, ó ṣubú. Irin kan lára ọ̀kadà náà la ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gùn ún, ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Bọ̀ọ̀dá tó ń wà wá tẹ búrẹ́èkì, gbogbo wa bọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Fóònù ni ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi kàn. Kì í ṣe láti pe ẹnikẹ́ni o. Ọwọ́ mi ti ṣí kámẹ́rà kí orí mi tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ó ti mọ́ mi lára. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí lójú, kò sọ nǹkan kan, mo sì ti fóònù náà bọ àpò. Mi ò gbàgbé ojú tó fi wò mí yẹn.

Mo wá rántí pé a ní àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Èmi gan-an ni mo rà á. Ọmọ kan ló tà á fún mi láàárín mọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, 3,000 náírà. Mi ò rà á nítorí ẹ̀jẹ̀. Mo rà á torí wọ́n ní àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà máa ń béèrè rẹ̀, mi ò sì fẹ́ wàhálà. Abẹ́ gbogbo ẹrù ló wà nínú búùtù. A kó báàgì mẹ́rin, ẹsẹ̀ kámẹ́rà àti kúlà omi sílẹ̀ ká tó rí i. Nígbà tí mo ṣí i, ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀: òwú díẹ̀, ìgò spírìtì tó ti gbẹ dé ìdajì, plásítà mẹ́fà tí gọ́ọ̀mù wọn ti yọ́ nínú ooru, bándéèjì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àti sísọ́ọ̀sì tí kò lè gé bébà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń wò mí. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ṣòkòtò rẹ̀ gbingbin, ó ti ń kán sórí ọ̀dà. Ẹnì kan láàárín èrò ní ká da omi lé e lórí. Ẹlòmíì ní ká wá epo bẹntiróòlù. Èmi dúró síbẹ̀, mo di òwú mú lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò nù.

Bọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́yìn wa. Màmá kan bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, gbé spírìtì yẹn sílẹ̀. Aṣọ tó mọ́ dà?" Ọ̀rẹ́ mi fa táwẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ fi wẹ̀ ní Olúmirin yọ nínú báàgì. Màmá ká a pọ̀, wọ́n gbé e lé ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n gbá ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. "Tẹ̀ ẹ́. Fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Má ṣí i wò."

Ṣé mo gbọ́ràn? Rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣí i láti wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dá. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ńṣe ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí ẹni pé a ò ṣe nǹkan kan. Ìgbà kejì, Màmá gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ohun tó fẹ́ dì lábẹ́ aṣọ lò ń tú ká yẹn." Látìgbà yẹn mi ò ṣí i mọ́. A gbé e wọ Sienna, mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ mọ́tò, mo sì tẹ̀ ẹ́ títí a fi dé ọsibítù kan. Apá mi ń gbọ̀n nígbà tá a débẹ̀. Ọmọ náà ò kú. Ó pè mí lórí fóònù lẹ́yìn oṣù kan, ó ní òun ti ń fi ẹsẹ̀ náà rìn.

Àmọ́ kì í ṣe àpótí mi ló gbà á là. Táwẹ́ẹ̀lì àti Màmá tí Ọlọ́run fi ṣọwọ́ ni. Tí bọ́ọ̀sì yẹn ò bá dúró ńkọ́? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé délé. Òun ló jẹ́ kí n lọ kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, òun náà ló sì jẹ́ kí n tú àpótí yẹn dànù kí n tún un kó. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mi ò kì í ṣe dókítà o. Ẹni tó kọ́ ọ lẹ́yìn tó ti ṣe é lódì ni mo jẹ́.

Àpò méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ wa sọ ni pé iṣẹ́ méjì là ń da pọ̀ sínú àpótí kan. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ti nǹkan kéékèèké: ẹsẹ̀ bó, ìka gé, orí ń fọ́ni, inú ń run, oyin ta èèyàn. Nǹkan wọ̀nyí ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù lójú àjò, wọn kì í sì í pani. Iṣẹ́ kejì ni ti nǹkan tó lè pààyàn kẹ́ ẹ tó dé ọsibítù. Èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ya.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kan tó nǹkan bíi lítà 5. Bí iṣan ńlá kan bá gé, bíi ti itan, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ti tó kí ẹni náà kú. Kò sí áńbúláǹsì tó lè dé bá yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà. Kódà ní ìlú tí áńbúláǹsì pọ̀ sí, wọn kì í tètè dé tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan tí wọ́n pè ní Stop the Bleed ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2015, lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ìbọn tó pa àwọn ọmọdé nílé ìwé Sandy Hook ní December 2012. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ẹni tó wà nítòsí mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, torí òun ló máa kọ́kọ́ débẹ̀. Ní ọ̀nà tiwa, àwa gan-an lẹni tó wà nítòsí.

Nítorí náà, ẹ ní àpò méjì. Èyí tó tóbi fún nǹkan kéékèèké lè wà nínú búùtù. Èyí tó kéré, tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o láìkó ẹrù kankan sílẹ̀. Ẹ̀yìn àga awakọ̀ ni mo so tèmi mọ́. Ẹ ra àpò tí àwọ̀ rẹ̀ hàn, bíi pupa, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọ mọ́tò: "Ẹ wò ó, ibí ló wà o." Ó lè jẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra àpò náà lẹ máa ṣèṣe. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ibi tó wà, kò sí.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àpò ẹ̀jẹ̀

Mo máa to wọ́n, kẹ́ ẹ lè ya fọ́tò ojú fóònù yín:

- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà bíi méjì sí mẹ́ta. Àwọn wọ̀nyí ló gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá, torí àwọn lẹ máa kọ́kọ́ mú.
- Gọ́ọ̀sì tó mọ́, tó pọ̀ dáadáa. Kì í ṣe òwú. Òwú máa ń fi fọ́nrán rẹ̀ sínú ọgbẹ́.
- Bándéèjì tó ń fà, tó fẹ̀, bíi méjì. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú àpótí 3,000 mi ò lè yí itan èèyàn po.
- Tọ́níkẹ́ẹ̀tì kan, tí agbára bá ká a. Mo ń bọ̀ wá sórí èyí.
- Sísọ́ọ̀sì ńlá tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀, tó lè gé ṣòkòtò jíǹsì àti bẹ́líìtì mọ́tò láì gún ẹni tó ṣèṣe.
- Aṣọ ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán bíi fọ́ìlì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà púpọ̀ lára rẹ̀ máa ń tutù, ìtutù yẹn kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.
- Tọ́ọ̀ṣì kékeré, àti bírò tó ń kọ lára nǹkan tó tutù.

Ó tán. Tówó bá kéré, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, gọ́ọ̀sì, bándéèjì ńlá àti sísọ́ọ̀sì. Ẹ lè rí gbogbo wọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ọsibítù. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kó o jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpótí tí wọ́n ti kó kalẹ̀, tí wọ́n kọ "nǹkan 200" sí lára, ẹ tú u wò dáadáa. Ẹ máa rí i pé plásítà ló pọ̀ jù nínú 200 yẹn. Iye nǹkan kọ́ là ń rà, iṣẹ́ tó lè ṣe là ń rà.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó

Ẹ kọ́kọ́ wo àyíká. Ẹ dá mọ́tò yín dúró síbi tí mọ́tò míì ò ti ní gbá yín, ẹ gbé C-caution sẹ́yìn jìnnà dáadáa, kí ẹnì kan máa pè fún ìrànwọ́. Ẹ má sọ pé "ẹnì kan jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n", torí pé gbogbo èèyàn máa rò pé ẹlòmíì ti pè. Ẹ nàka: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ aṣọ búlúù, ẹ dákun, ẹ pe 112." Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì káàkiri Nàìjíríà. Nọ́ńbà 122 ni ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC. Tẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó, 767 náà wà. Ẹ fi wọ́n sórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, nígbà tí ọwọ́ yín ò tíì máa gbọ̀n.

Lẹ́yìn náà, ìbọ̀wọ́. Ẹ gé aṣọ kúrò kẹ́ ẹ lè rí ọgbẹ́ náà. Ẹ fi gọ́ọ̀sì lé e, ẹ na apá yín, ẹ fi ìwọ̀n ara yín tẹ̀ ẹ́. Tí ọgbẹ́ náà bá jìn, ẹ fi ìka ti gọ́ọ̀sì wọ inú rẹ̀ títí yóò fi kún, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo aago, ó kéré tán ìṣẹ́jú 10, láìṣí i wò. Tí ẹ̀jẹ̀ bá rin gọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, ẹ gbé òmíràn lé e lórí, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan sí i. Tó bá ti dá, ẹ fi bándéèjì dì í mọ́lẹ̀ kó le.

Ẹ kíyè sí i: ikùn àti àyà kì í ṣe ibi tá a máa ń ti gọ́ọ̀sì wọ̀. Apá, ẹsẹ̀, abẹ́ abíyá àti ìpilẹ̀ itan là ń ṣe é sí. Tó bá jẹ́ pé nǹkan kan, bí irin tàbí igi, ṣì wà nínú ọgbẹ́ náà, ẹ má fà á yọ. Òun ló lè máa dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi aṣọ ká a lọ́tùn-ún lósì kó má baà mì.

Tọ́níkẹ́ẹ̀tì: ọ̀rẹ́ tó le

Tọ́níkẹ́ẹ̀tì ni okùn fífẹ̀ kan tó ní ọ̀pá kékeré lára, tí wọ́n ń lọ́ kó lè fún apá tàbí ẹsẹ̀ pa, kí ẹ̀jẹ̀ má lè kọjá. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde lápá tàbí lẹ́sẹ̀, tí títẹ̀ ò sì ká a, òun ló kù. Ẹ so ó sókè ọgbẹ́ náà, kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 jìnnà sí i, ní ìhà ibi tí ọkàn wà. Ẹ má so ó sórí orúnkún tàbí ìgúnpá. Ẹ lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ó máa dun ẹni náà gan-an, ó lè bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ tú u. Ẹ má tú u. Dókítà ló máa tú u. Ẹ fi bírò kọ aago tẹ́ ẹ so ó sára rẹ̀ níbi tí wọ́n ti máa rí i, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́sibítù nìyẹn. Wákàtí 2 ni wọ́n máa ń sọ pé ó lè wà níbẹ̀ kí ewu tó pọ̀ fún ẹsẹ̀ náà, nítorí náà kò sí ìdúró lójú ọ̀nà mọ́.

Ìkìlọ̀ méjì. Àkọ́kọ́, ayédèrú pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó jọ ojúlówó nínú fọ́tò, owó rẹ̀ sì wálẹ̀, àmọ́ ọ̀pá rẹ̀ máa ń tẹ̀ tàbí kó kán nígbà tẹ́ ẹ bá lọ́ ọ dáadáa. Ẹ ra á lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ lè padà bá. Tẹ́ ẹ bá lè ra méjì, ẹ fi ọ̀kan kọ́ṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ ara yín, ẹ fi ìkejì pa mọ́. Ìkejì, bẹ́líìtì ṣòkòtò tàbí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kì í sábà ṣiṣẹ́ bíi tọ́níkẹ́ẹ̀tì. Ó lè dí ẹ̀jẹ̀ tó ń padà lọ sókè, kó má dí èyí tó ń bọ̀ wálẹ̀, kí ọgbẹ́ náà wá máa ṣàn sí i. Tẹ́ ẹ ò bá ní ojúlówó, ẹ dúró ti títẹ̀.

Ó sì tún kù o: tí ejò bá bu èèyàn jẹ, a kì í so tọ́níkẹ́ẹ̀tì, a kì í fi abẹ gé e, a kì í fi ẹnu fà á. Ẹ bọ́ òrùka àti nǹkan tó lè fún un kúrò, ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ má jẹ́ kó mi apá tàbí ẹsẹ̀ náà, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́sibítù. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn àgbà kọ́ wa ni pé ká so ó. Ìfẹ́ ni wọ́n fi kọ́ wa, àmọ́ ẹsẹ̀ lè bàjẹ́ sí i.

Àpò kejì, ti nǹkan kéékèèké

Plásítà, gọ́ọ̀sì kéékèèké, bándéèjì onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ń gbé apá kọ́rùn, bándéèjì tó ń fà fún ẹsẹ̀ tó rọ́, twísà láti yọ ẹ̀gún, ORS fún ẹni tí inú rẹ̀ ń ṣu, parasitamọ́ọ̀lù, àti omi tó mọ́ láti fi ṣan ọgbẹ́. Spírìtì ńkọ́? Ẹ má dà á sínú ọgbẹ́ tó là. Ó ń jó ẹran ara tó yẹ kó jiná. Omi mímọ́ tó pọ̀ dáa jù ú lọ. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ORS, omi mímọ́ lítà 1, ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kẹ́ ẹ ré ojú ṣíbí náà dọ́gba.

Tí omi gbígbóná tàbí iná bá jó èèyàn níbi tẹ́ ẹ ti ń dáná, tàbí tí omi rédíétọ̀ tú sí i lára, omi tútù tó ń ṣàn ni fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe omi yìnyín, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo pupa. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbé jálá omi sínú búùtù báyìí, yàtọ̀ sí èyí tá a máa mu.

Ẹ tún fi bébà kan sínú àpò yìí: orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú mọ́tò, oògùn tó ń lò, oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà, àti nọ́ńbà ẹnì kan nílé. Ẹni tó ní ikọ́ fée, ṣé ínhélà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tó ní sickle cell, ṣé ó ń mu omi lójú ọ̀nà? Fóònù lè fọ́ nínú ìjàǹbá, bébà kì í fọ́.

Ooru mọ́tò àti oògùn

Ẹ rántí plásítà mi tó yọ́. Mọ́tò tá a páàkì sínú oòrùn máa ń gbóná ju ìta lọ dáadáa. Ẹ wo ara páálí oògùn, ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má fi í sí ibi tó gbóná ju 30 lọ. Nítorí náà, gọ́ọ̀sì, bándéèjì àti sísọ́ọ̀sì lè máa gbé inú mọ́tò. Oògùn ní tiẹ̀, ẹ máa gbé e jáde nínú ilé lọ́jọ́ ìrìn àjò, kẹ́ ẹ sì gbé e padà wọlé. Tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti déètì rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́ta mẹ́ta, mo máa ń tú àpò méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo máa ń pààrọ̀ ohun tó ti gbó. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ.

Ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ rà

Abẹ́rẹ́ àti òwú ìránṣọ ọgbẹ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún àyà. Rọ́bà tí wọ́n ń tì bọ imú. Mo ti rí gbogbo wọn nínú fídíò àwọn òyìnbó tó ń fi jíìpù rin aṣálẹ̀, ojú mi sì wọ̀ wọ́n. [Ẹ̀rín] Ohun tẹ́ ẹ ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ẹ má gbé e. Owó yẹn, ẹ fi kọ́ṣẹ́. Red Cross ti Nàìjíríà máa ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní àwọn ìpínlẹ̀. Ọjọ́ kan tẹ́ ẹ fi kọ́ ọ níṣojú olùkọ́ sàn ju àpò olówó iyebíye lọ. Ọ̀rọ̀ tèmi yìí náà ò lè rọ́pò rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù

Mi ò ní dárúkọ ibi tá a gbé ọmọ yẹn dé. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ní ẹnu ọ̀nà ni, "Ta ló máa sanwó?" Ọwọ́ mi ṣì wà lórí táwẹ́ẹ̀lì náà. A dáwó jọ láàárín ara wa, owó oúnjẹ àti owó ìwọlé Olúmirin wọ inú rẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé òfin wà. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti 2014, ní abala 20, sọ pé ọsibítù tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Òfin ti 2017 náà wà fún ẹni tí ìbọn bá bà: kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Ẹ má lọ fi í jà o. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, pàjáwìrì ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dá ẹ̀jẹ̀ dúró, òfin wà fún un." Ẹni tó mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn òun máa ń dúró dáadáa.

Kí n tó lọ

Mo ṣì máa ń ya fídíò. A padà lọ sí Olúmirin, ẹ ti rí i lórí ìkànnì wa, omi náà rẹwà. Ẹ ò rí àpò pupa tó wà lẹ́yìn àga awakọ̀ nínú fídíò yẹn. A ò tíì lò ó fún nǹkan ńlá kan, mo sì ń gbàdúrà pé kó gbó síbẹ̀ láìlò. Àmọ́ mo mọ ohun tí ọwọ́ mi máa kọ́kọ́ kàn nísinsìnyí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá rèé o. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ lọ ṣí àpótí tó wà nínú mọ́tò yín, tàbí mọ́tò dádì yín, tàbí ti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń rìnrìn àjò. Ẹ kàn ṣí i ni. Kẹ́ ẹ wá fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá níbẹ̀. Tó bá jẹ́ òwú àti spírìtì gbígbẹ lẹ bá, ẹ má tijú, ẹgbẹ́ mi ni yín.

Màmá nọ́ọ̀sì, mi ò mọ orúkọ yín, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ máa gbọ́ èyí. Ẹ ṣé, Mà. Mi ò ṣí i wò mọ́.

Ẹ máa rìn re o. Ọ̀nà á là.